Gìtá Ìyá Rẹ Tó Já Lára Ògiri ní Béoumi

Kennedy, Bouaké.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Fọlákẹ́, Àṣàkẹ́ mi,

Mo ti gbọ́ àwọn ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mẹ́fà ni wọ́n. Mo gbọ́ wọn tán pátá, títí kan ẹ̀karùn-ún tí ajá yín ń gbó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. N kò pè ọ́ padà nítorí pé mo mọ̀ ọ́: bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ yóò sọ mẹ́rin lé e, a ó sì parí rẹ̀ síbi tí wàá ti máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ti jẹun. Mo ti lo oògùn orúnkún mi pẹ̀lú. Bí o bá ń ka ìwé, o kò ní lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ olùkọ́ tuntun tí wọ́n fún ọ ní Béoumi. Inú mi dùn sí ilé tí ìwọ àti Dáníẹ̀lì ọkọ rẹ gbà: yàrá mẹ́ta, omi nínú ilé, igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Mo sọ èyí ṣáájú kí o má baà wí pé n kò rí nǹkan rere kan níbẹ̀. Mo rí i. Mo rí ìyókù pẹ̀lú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé nínú ohùn kẹta rẹ, o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ṣe ni mo wọlé yín tí mo jí gìtá gbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Gìtá mẹ́ta ni mo bá nínú pálọ̀ yín. Gìtá dúdú tí o fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wáyà rẹ̀ sì nà gba àárín ilé kọjá bí okùn tí a fi ń sá aṣọ. Gìtá tuntun tí Dáníẹ̀lì rà fún ọ nígbà tí ìwé iṣẹ́ rẹ jáde wà nílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀, ọmọrí àpótí ṣí sílẹ̀ gbayawu, ológbò yín tí ẹ ń pè ní Madame sì sùn lé e lórí. Ẹ̀kẹta ni gìtá ìyá rẹ. Ẹ gbé e kọ́ ìṣó kan lókè àga gígùn, ẹ sì fi okùn bàtà dè é lọ́rùn mọ́ ìṣó náà. Okùn bàtà, Fọlákẹ́. Funfun.

Mo ń jẹ ẹja tí o sè. Ẹja náà dùn, n kò ní fi ìbínú ba ìyẹn jẹ́. Tèmi, ọmọ rẹ kékeré tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, gun àga, ó gun ibi ìfẹ̀yìntì àga, ó nàgà, ó di okùn gìtá mú. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Patron, ajá yín, gbọ́ òórùn orí ẹja tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì fò sórí àga láti wá bá mi pín in. Àga mì. Ọmọ fà. Ìṣó yọ jáde pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ sìmẹ́ńtì. Tèmi ṣubú sórí tìmùtìmù. Gìtá ìyá rẹ lu apá àga, ibi tí ó lù kò sì fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ jìnnà sí orí ọmọ náà, kí ó tó yí bọ́ sílẹ̀.

Ohun tó mú mi bínú kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Ṣe ni Ìbùkún, ọmọ ọdún mẹ́fà tó láròjinlẹ̀ ju ẹ̀yin méjèèjì lọ, gbé ojú sókè láti ibi tó ti ń ya àwòrán, ó ní: "Bàbá àgbà, ẹ má bẹ̀rù. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní: "Kí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Dáníẹ̀lì rẹ́rìn-ín. "Kò ṣe nǹkan kan, Pàpá. Igi líle ni."

Mo wo ojú rẹ. O ní: "Ẹ̀ẹ̀mejì péré, Pàpá."

Péré. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ti ka ìdí púpọ̀ tí ìlú fi tú, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó fi "péré" gbèjà ìlú rẹ̀ rí. Ohun tó bá ti já lára ògiri lẹ́ẹ̀mejì ti kìlọ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ padà fi okùn bàtà tuntun dè é.

Bí ó ti rí nìyẹn tí mo fi wé aṣọ ìbora mọ́ gìtá náà, tí mo sì gbé e bọ̀ wá sí Bouaké lọ́jọ́ Àìkú. Ní gáà, ibùdókọ̀ Béoumi, ọkọ̀ ti kún, awakọ̀ ń pariwo pé: "Tọ̀ntọ́n Anago, gìtá yẹn máa sanwó ìjókòó tirẹ̀ o! Àbí ó fẹ́ kọrin fún wa títí dé ilé?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. O fi ọwọ́ di fèrèsé ọkọ̀ mú, o ní: "Pàpá, ṣé ẹ tún fẹ́ lọ tì í mọ́ inú kàntíìnì ni?"

Ọkọ̀ gbéra. Mo ti ń dá ọ lóhùn nínú mi láti Béoumi dé ibí, gbogbo ìdáhùn tí mo rí ni n kò fẹ́ràn.

Nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kàntíìnì. O mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. O kéré jù láti mọ ìdajì kejì.

Kò sí ilé Yorùbá kan, àwa tí wọ́n ń pè ní Anago, ní ìlú yìí nígbà èwe mi tí kò ní kàntíìnì, àpótí onírin ńlá wọ̀nyẹn. Bàbá mi, tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní ọjà Bouaké, ní mẹ́rin. Ohun tó bá jọjú nínú ilé, inú wọn ló ń gbé: aṣọ òkè, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, abọ́ tánganran. Wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí a ó padà sílé. Abọ́ tí à ń fi jẹun lójoojúmọ́ ti kán létí, èyí tó dára wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi lo ogójì ọdún níhìn-ín, ìhìn-ín náà la sì sin ín sí. Nígbà tí a ṣí àwọn kàntíìnì náà, a bá abọ́ tánganran mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí. Ìyá mi ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lẹ̀ ń dúró dè?"

Mo lọ sí yunifásítì. Mo kọ ìwé kan lórí bí àwọn ènìyàn wa ṣe tẹ̀dó sí ìlú yìí, mo sì fi ojú ìwé méjì ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn baba wa àti kàntíìnì wọn. Lẹ́yìn náà mo gbéyàwó, mo lọ sí ọjà, mo ra tèmi.

Gìtá yẹn, bàbá ìyá rẹ ló rà á fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà rélùwéè, ó sì gbé e wá fún un láti Abidjan nígbà tí ìyá rẹ ṣe àṣeyọrí nínú ìdánwò. Ìyá rẹ gbé e wọ ilé mi pẹ̀lú ẹrù ìyàwó. Lórí àga kan ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ó máa ń gbé e fẹ̀yìn tì. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún kan, o rá dé ibẹ̀, o fa okùn tó tinrín jù, okùn náà já, ó nà ọ́ lójú. Àpá kékeré tó wà lábẹ́ ojú ọ̀tún rẹ, ibẹ̀ ló ti wá. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún ọ pé o ṣubú. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wọ ojú gan-an ńkọ́? N kò lè sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá ṣe ohun tí bàbá mi ìbá ṣe. Mo wé ìró mọ́ gìtá náà, mo da káńfọ̀ sí i, mo tì í mọ́ inú kàntíìnì, mo gbé kàntíìnì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ilé tí à ń gbé nígbà náà kò ní àjà. Láti orí kọ́bọ́ọ̀dù dé páànù kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ìyá rẹ ní: "Bàbá Fọlákẹ́, ìgbà wo lẹ máa gbé e jáde?"

Mo ní: "Bí ọmọ bá dàgbà."

O dàgbà díẹ̀. Sámúẹ́lì àbúrò rẹ dé. Ìyá rẹ tún bi mí. Mo ní: "Bí a bá délé, a ó ṣí i." Mo sọ ọ́, Fọlákẹ́, pẹ̀lú ẹnu tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn baba wa. Kò bi mí mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wa ṣí i, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá lu gìtá. Mo gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó tọ́jú nǹkan. Igi pẹlẹbẹ tí ìdí okùn ń gbé ti ṣí kúrò lójú gìtá. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú. Ikùn rẹ̀ wú. Àtè ti yọ́ nínú ooru páànù, okùn tí n kò sì tú dẹ̀ ń fà á láti ọdún dé ọdún. Ìyá rẹ fi ọwọ́ pa á lára títí, ó wá ní: "Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìbá sàn kó fi mí ṣe é.

Kò tán síbẹ̀. Káńfọ̀ kan yí bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí à ń tú ẹrù, Sámúẹ́lì rí i, ó rò pé bọ́nbọ́n ni, ó sọ ọ́ sẹ́nu. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ mi: nítorí kí gìtá má baà ṣe ọmọ léṣe, mo ba gìtá jẹ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ.

Káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa níbí, ọmọ Baoulé, àga ló ń kàn. Òun ló tún gìtá náà tò. Ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó yí ká, ó ní: "Ẹ̀yin Anago, gbogbo nǹkan yín lẹ̀ ń dì bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Igi ni èyí. Ta ló sọ fún ọ pé aṣọ ni?" Ohùn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Ìyá rẹ lù ú fún ọdún mẹ́rin kí ó tó kú. Mẹ́sàn-án nínú àpótí, mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. N kò nílò ìwé láti rántí ìyẹn.

Nítorí náà má rò pé n kò mọ ohun tí o ń sọ ní gáà. Èmi pa gìtá náà nípa pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin fẹ́ fi ẹ̀rín pa á. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì, kò sì ṣòro. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, pé kò ṣòro. Gbọ́.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ògiri. Ìṣó lásán kò lè di gìtá mú lára ògiri yín, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ, mo fi èékánná họ ọ́ wò. Fíìsì ni kí ẹ lò, ìṣó tí a máa ń yí wọlé, kí ẹ sì kọ́kọ́ ti ike rẹ̀ sínú ihò tí ẹ̀rọ lu. Ògiri àárín ilé ni kí ó jẹ́, má lo èyí tí oòrùn ọ̀sán ń jó láti ìta. Má gbé e kọ́ sókè àga, má gbé e kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì, má gbé e kọ́ sókè ohunkóhun tí ọmọ lè gùn. Kí ìdí gìtá ga ju ibi tí ọwọ́ Tèmi lè dé bó bá gun àga onípákó, kí ó sì rẹlẹ̀ tó fún ìwọ láti gbé e láìnàgà. Bí ó bá ga jù fún ọ, o kò ní lù ú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ilẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ti ọmọ àti ti ẹran ọ̀sìn, ẹ kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìrù Patron nìkan tó láti bi ẹsẹ̀ onírin yẹn ṣubú, mo rí i tó fi nu gbogbo tábìlì yín. Ìgbà tí o bá ń lò ó nìkan ni kí o gbé e lé ẹsẹ̀ onírin rẹ̀. Bí o bá dìde láti lọ wo ìkòkò lórí iná, gbé e kọ́ padà. Má sọ fún mi pé ìṣẹ́jú kan ni. Ìṣẹ́jú kan náà ni Tèmi lò.

Àpótí gìtá tuntun ńkọ́? Pa á dé. Ológbò fẹ́ràn ohun tó rọ̀ tó sì ní òjìji, àárín gìtá àti ọmọrí ló sì rí bẹ́ẹ̀. Lónìí ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn yóò tọ̀ síbẹ̀, òórùn ìtọ̀ ológbò kì í sì í kúrò lára igi, o lè gbé e lọ sí ibikíbi tó wù ọ́. Fi ìkọ́ rẹ̀ há a dáadáa kí Tèmi má lè ṣí i, nítorí ọmọ tó bá lè wọ inú àpótí yóò wọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ sì lè há sí etí ọmọrí. Lẹ́yìn náà tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Mo bẹ̀ ọ́, má gbé nǹkan kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kẹta ni okùn. Nígbà tí o bá so okùn tuntun, gé ìyókù tó yọ jáde lórí gìtá. Mo rí i lára gìtá dúdú, ó na ẹnu síta bí irùngbọ̀n, ibi tí ojú Ìbùkún wà gẹ́lẹ́ bó bá kọjá níbẹ̀. Okùn àtijọ́, ká a, dì í sínú bébà, sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí tó ní ìdérí. Madame yóò fi ṣeré, yóò sì gbé e mì, lẹ́yìn náà ẹ ó máa wá oníṣègùn ẹran káàkiri Béoumi. Àwọn pílásítíìkì kékeré tí o fi ń ta okùn, mẹ́ta ni mo gbé nílẹ̀ lábẹ́ àga. Mẹ́ta. Ọ̀kan ti ní àpá eyín lára. N kò mọ̀ bóyá eyín ajá ni tàbí eyín ọmọ, n kò sì fẹ́ kí ẹ sọ fún mi.

Ẹ̀kẹrin, wáyà. Yọ ọ́ kúrò nínú iná bí o bá ti lù ú tán. Ajá tó ń jẹ bàtà kò ní mọ̀ pé

Ọjọ́rú, lówùúrọ̀.

Mo dá ìwé dúró níbẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ, mo sì fẹ́ kí o kà á tán kí o tó pè mí.

Ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ ohun tí o kà tán yìí, gìtá ìyá rẹ wà nínú kàntíìnì. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo dé, mo ṣí i, mo kó àwọn ìwé inú rẹ̀ jáde, mo gbé gìtá sí i, mo yí kọ́kọ́rọ́. N kò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Bí mo ṣe fẹ́ parí lẹ́tà yìí ni pé gìtá náà yóò wà lọ́dọ̀ mi títí Tèmi yóò fi wọ ilé-ìwé. Mo ti ro gbólóhùn náà tán. Mo ń kọ nípa wáyà, mo sì fẹ́ kọ ọ́ pé ajá kò ní mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù, ni mo gbójú sókè tí mo rí kàntíìnì. "Bí ọmọ bá dàgbà." Gbólóhùn náà gan-an tí mo sọ fún ìyá rẹ ni mo fẹ́ kọ sí ọ.

Mo ṣí i. Mo gbé gìtá jáde, mo sì mú un lọ sọ́dọ̀ káfíńtà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ń di pákó mú fún un báyìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran kedere. Ó ní: "Anago! Ìwọ náà ni? Ṣé kàntíìnì tún ni?"

Mo ní: "Rárá. Ọmọ ni. Ọmọ àti ajá."

Ó yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ha, bọ́tìnnì tí a fi ń yí okùn kan sì tẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sán, ọrùn rẹ̀ gún. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọmọ bá ṣe, mo lè tún un ṣe ní wákàtí méjì. Lọ jókòó."

Mo jókòó. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó bá mi gbẹ́ apá onígi mẹ́ta tí a lè fi fíìsì dè mọ́ ògiri. Ó fi awọ bo inú wọn kí ọrùn gìtá má baà ha, ó sì fi ìkọ́ kékeré kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó máa ń pa dé, kí ẹni tó bá fa gìtá láti ìsàlẹ̀ má lè yọ ọ́. "Ọmọ ọdún mélòó ni?" ló bi mí. Mo ní kò tíì pé mẹ́ta. Ó lọ wá awọ tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ku ìmọ̀ràn méjì. Ti ojú ọjọ́ ni ìkíní. Bí ọyẹ́ bá dé, igi yóò gbẹ, yóò sì sán. Gbé abọ́ omi kan sínú yàrá náà, síbi gíga tí Patron kò lè mu ún. Bí o bá mọ̀ pé o kò ní lù ú fún oṣù kan, tú okùn rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀. Lákòókò òjò, nù ún pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì wo inú ihò rẹ̀, aáyán àti ọmọńlé fẹ́ràn ibẹ̀. Má da káńfọ̀ sí i. Àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú àpótí tuntun kí ó má baà rin, kó wọn kúrò ní ibi tí ọmọ tàbí ẹran lè dé. N kò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, o mọ ìtàn Sámúẹ́lì báyìí.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, èmi ni n kò sì ṣe é fún ìwọ rí. Jẹ́ kí Tèmi fọwọ́ kàn án. Ojoojúmọ́, bí o bá ti dé láti ilé-ìwé, kí o tó ṣe ohunkóhun, ti Patron síta, tẹ́ ẹní, jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sórí rẹ̀. Ìwọ ni kí o gbé gìtá sọ̀kalẹ̀. Jẹ́ kí Tèmi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, kí ó fi ìka kan ta okùn kan. Ìgbà tó bá fà á, gbé e kọ́ padà láìbínú, ó di ọ̀la. Yóò pariwo. Ẹkún Tèmi kò tíì pa ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo rò pé ó fẹ́ pa mí. Ọmọ tó mọ̀ pé gìtá ń bọ̀ wálẹ̀ lọ́la kò ní ìdí láti gun àga. Ìbùkún lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìka rẹ̀ gùn bíi ti ìyá rẹ, mo wò ó nígbà tó ń ya àwòrán.

Sọ fún Dáníẹ̀lì pé mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú apá mẹ́ta náà, fíìsì, ike wọn, ẹ̀rọ tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò mi, àti gìtá ìyá rẹ. Kí ó má ṣe lu ihò kankan kí n tó dé. Kí ó má ràn mí lọ́wọ́. Kí ó di àkàbà mú, kí ó sì dákẹ́. Bí ẹja bá wà, inú mi yóò dùn, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ so ajá mọ́lẹ̀.

O bi mí ní gáà bóyá mo tún fẹ́ lọ tì í mọ́ inú kàntíìnì. Mo tì í mọ́ ọn fún ọjọ́ méjì, jọ̀ọ́, má bínú. Ìdáhùn mi wà nínú àpòòwé yìí, mo fi bébà wé e. Kọ́kọ́rọ́ kàntíìnì ni, ọ̀kan ṣoṣo tó wà sì ni. Fi pamọ́ síbi tó bá wù ọ́, tàbí kí o sọ ọ́ sínú odò, n kò ní bèèrè rẹ̀.

Ṣáà má fún Tèmi fi ṣeré. Yóò gbé e mì.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí orí ń fọ́ nítorí rẹ.